Ẹ̀fẹ̀ Ni Àkọ́bí

Ìmẹ̀kọ kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn kọ̀wé gidi lórí ọnà Yorùbá kí ó má kan ìlú náà. Ọ̀nà Ayétòrò ni mo máa ń gbà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ààlà wà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889, tí ó fi Kétu sí apá kan, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ tí ó bá Kétu tan sí apá kejì. Ààlà náà dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró, ṣùgbọ́n kò dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dúró.

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó ti wà nínú ìwé. William Bascom kọ nípa Duga, agbẹ́gilére Mẹ́kọ (bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe kọ orúkọ ìlú náà), nínú àròkọ kan tí ó jáde ní 1973. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal gbé odindi ìwé jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, Babátúndé Lawal sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1996. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo gẹ́gẹ́ bí ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú àwọn ìwé wọ̀nyí. Inú wọn ni mo ti kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo fi kàn wọ́n, ó sì kan èmi náà nínú ohun tí mo ti kọ sẹ́yìn: ojú gbogbo wa wà lára ère tí ó wà lórí ọkùnrin tí ń jó. Ọkùnrin ni ó ń jó, àwọn ìyá ni ó ń jó fún. Ó di ìdí, ó di àyà, ó sì fi gèlè tí ó yá lọ́wọ́ ìyá tàbí aya rẹ̀ ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. A ti ka iye gèlè tí ó wà lára eégún náà. A kò bi àwọn tí wọ́n ni gèlè léèrè ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ìwé ń tọ́ka sí. Yemọja ń wá ọmọ, kò rí. Ó tọ Ifá lọ. Ifá ní kí ó gbé ère igi karí, kí ó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kí ó sì jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó lóyún, ó bí ọkùnrin, a sọ ọ́ ní Ẹ̀fẹ̀ nítorí pé àwàdà àti orin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún bí obìnrin, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó sanra bí ìyá rẹ̀ tí ó sì fẹ́ràn ijó. Àwọn onímọ̀ a máa fi ìtàn yìí ṣàlàyé ibi tí ère àti ṣaworo ti wá, àti ìdí tí Ẹ̀fẹ̀ fi ń jáde ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àlàyé náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba àfiyèsí mi ni orúkọ àkọ́bí. Obìnrin kan dúró títí ọjọ́ fi lọ lórí rẹ̀, nígbà tí ó sì bí, ohun tí ó kọ́kọ́ jáde láti inú rẹ̀ ni àwàdà.

Ìtàn Sárà nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ ohun kan náà. Ọmọ tí obìnrin arúgbó náà bí ni Ísáákì, ìtumọ̀ orúkọ yìí sì ni ẹ̀rín. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti fi ẹ̀rín náà ṣe ẹ̀rín ayọ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò fi pamọ́ pé ẹ̀rín kan ti kọ́kọ́ wáyé: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àgọ́ ni Sárà wà, inú ara rẹ̀ ni ó ti rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè, ó sẹ́. Kò ní ẹnìkejì tí ìbá bá a rẹ́rìn-ín náà. Hágárì nìkan ni ó wà nítòsí, orogún sì ni ìtàn fi Hágárì ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó jẹ́ kí n ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni ó wà nígbà tí ó lóyún àkọ́bí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè wa, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọbìnrin kan wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, àwọn tí wọ́n sin aláboyún wá, ìta ni kí wọ́n dúró." Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ó dìde, ó jáde. Lórí bẹ́ǹṣì tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ni ó ti bá obìnrin kan tí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n kí ara wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé, "Ọmọ yín ni ẹ sìn wá?" Obìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wí." Báyìí ni ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ẹnì kẹta ti dé, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tí ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti bímọ ṣáájú.

Mo ti jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ju ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lọ: orúnkún tí ń dunni bí ènìyàn bá fẹ́ dìde, ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn dókítà ń ṣọ́ lára aláboyún tí ó ti kọjá ọdún márùndínlógójì, iye tí tòmátì di, ẹni tí ó pa irun rẹ̀ láró nítorí kí wọ́n má baà tún lé e síta. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ etí í dẹ yóò rí i pé ọnà wà nínú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kì í dárúkọ oyún. "Àlejò" ni wọ́n ń pè é, tàbí "ẹrù", bí ẹni tí ó kó ọjà bọ̀ láti Ìlárá. Wọn kì í ṣírò oṣù sókè. Bí ìbejì bá wọ inú ọ̀rọ̀, ẹnì kan a yára sọ pé Igbó-Ọrà ni kí wọ́n darí ìyẹn sí. Wọn kò sì mọ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn wà lẹ́yìn àwàdà náà, nítorí pé obìnrin tí ó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa a máa bí ìbejì ju ọ̀dọ́ lọ.

Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ẹnìkejì ti rí oyún. Ìlú wọn kì í ṣe ìlú tí kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ibẹ̀ náà sì ni ibi mímọ́ Ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà wà, níbi tí wọ́n sin olùdásílẹ̀ rẹ̀, S. B. J. Oshoffa, sí ní 1985, tí àwọn aláṣọ funfun sì ń wọ́ lọ ní gbogbo Kérésìmesì. Èkó náà kò jìnnà jù. Láti 1989 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọsato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Àṣírù ti ṣe aṣeyọrí ọmọ tí a dá oyún rẹ̀ sílẹ̀ lóde ara ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ọ̀nà mìíràn ti ṣí fún ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀. Babaláwo ń bẹ, agbẹ̀bí ń bẹ. Nítorí náà, ìbéèrè pọ̀ tí ìbá tọ́ kí ọ̀rẹ́ bi ọ̀rẹ́. Bí ọ̀kan bá ti ìrìn-àjò dé, "Ẹ kú ìrìn" ni wọ́n kí i, wọ́n a sì sún bẹ́ǹṣì fún un. Mo ti ka eré-onítàn tí ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ kò já fáfá tó èyí.

Ohun kẹta, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni bí wọ́n ṣe ń fi ìrora ẹnì kan ṣe àwàdà fún ẹlòmíràn. Ẹnì kẹta tí mo sọ nípa rẹ̀ ń tijú gidigidi. John Caldwell àti Pat Caldwell ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1977, nínú ìwádìí wọn lórí àwa Yorùbá, pé obìnrin tí ó bá ti di ìyá àgbà a máa dá ọmọ bíbí dúró. Ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa pọn ọmọ. Ọmọbìnrin obìnrin yìí kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Ó ń ròyìn èyí ní ọjọ́ kan, omi sì ti ń lé sí i lójú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tí kò bí rí, dá a lóhùn pé, "Ìtìjú tìrẹ yẹn, ogún ọdún ni mo fi wá a, n kò rí i rà." Gbogbo wọn pariwo ẹ̀rín. Ẹni tí ń sunkún náà rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tí ó lè ti ṣẹlẹ̀: ẹni tí kò ní rárá ìbá ti kórìíra ẹni tí ń ráhùn pé òun ní jù. Gbólóhùn yẹn pa ìjà kan tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá ní ìran lóòótọ́, níbẹ̀ ni mo ti rí i.

Báwo ni lítírésọ̀ wa ṣe ṣe sí irú obìnrin wọ̀nyí? Kò dára tó. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ní 1970. Ìyálóde tí a mọ̀ nínú ìtàn Ìbàdàn bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà sì kú nígbà tí ó ń rọbí. Ti inú eré kò bí rárá, oyún tí ó wà nínú ẹrúbìnrin rẹ̀ sì di ohun tí ó ń bí i nínú dé ojú ikú. Eré ńlá ni, n kò sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùwòran bá ń lọ sílé, àìrọ́mọbí tí ó di ìwà ìkà ni ó gbé lọ́wọ́. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, ní 2017, fi àánú púpọ̀ kọ nípa Yéjídé ní Iléṣà nínú *Stay With Me*. Síbẹ̀, ìwé náà kò lè bọ́ lọ́wọ́ àṣà àtijọ́ tí ó fi ilé ọkọ ṣe gbogbo ayé obìnrin. Flora Nwapa ni ó súnmọ́ ọn jù. Nígbà tí *Efuru* jáde ní 1966, àwọn lámèyítọ́ kan, ọkùnrin ni púpọ̀ nínú wọn, ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwa tí a ń kà á lónìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni ìwé. Ajanupu, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́, ni ó mú ìtàn náà dúró. Àìṣèdájọ́ òdodo ni kí a pe ìtàkùrọ̀sọ ní òfófó nítorí pé obìnrin ni ó sọ ọ́, kí a sì pè é ní àlọ́ àpagbè bí ọkùnrin bá wọ gèlè kí ó tó sọ ọ́.

Lúùkù pàápàá jẹ gbèsè. Ó sọ pé Èlísábẹ́tì tí ó ti di àgbà fi ara pamọ́ fún oṣù márùn-ún nígbà tí ó lóyún, pé Màríà wá kí i, pé ó sì dúró tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó tọ́jú orin tí Màríà kọ. Ohun tí àwọn aláboyún méjì náà bá ara wọn sọ nígbà tí orin tán kò sí nínú ìwé.

N kò fẹ́ sọ pé ìtàkùrọ̀sọ ń wo gbogbo nǹkan sàn. Ní oṣù keje, oyún ẹnì kejì, ẹni abẹ́ igi máńgòrò, bà jẹ́. Àwọn méjì tó kù kò mọ ohun tí wọn yóò wí. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù láti gbé ikùn rẹ̀ wọ inú ilé náà, kí ó má dà bí ẹni tí ó wá fi ọlá hàn. Ó rán oúnjẹ, kò lọ. Ẹnì kẹta lọ, ó jókòó, kò lè sọ̀rọ̀, ó padà. Èdè wa ní ìkíni fún ẹni tí ó bí àti fún ẹni tí ó ṣòfò, ṣùgbọ́n kò ní ìkíni fún aláboyún tí ó fẹ́ wọlé tọ ẹni tí oyún rẹ̀ bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ̀gúsí láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo igbá, ó ní, "Ṣé ẹ̀gúsí yìí kò tíì tán láti ìgbà yẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi sún bẹ́ǹṣì fún un. Ó jókòó, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ ìyókù ohun tí wọ́n sọ ní ọjọ́ náà, n kò sì níí kọ ọ́.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sí ọdún kan, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún jáde. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Eégún kan wọ agbo, ó di ìdí ńlá, ó di àyà, ó gbé ère ìyá ọlọ́mọ karí, àwọn ọkùnrin sì ń hó. Ara gèlè tí ó ń fò lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti rí aṣọ kan tí mo mọ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Mo wo apá ibi tí ó dúró sí. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Obìnrin abẹ́ igi máńgòrò wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ka sí eégún náà, ó tẹ̀ sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlù kò jẹ́ kí n gbọ́.