Ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì Lára Àsíá

Ọ̀pọ̀ àwòrán tí a fi ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ni kì í ju ẹkún lọ: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba, ojú tí ó fà ro. Abdias do Nascimento kò gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ Bràsíìlì ni. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1944. Amẹ́ríkà ni ó wà, tí ìjọba ológun kò jẹ́ kí ó lè padà sílé, nígbà tí ó ya 'Okê Oxóssi' ní 1970.

Àsíá Bràsíìlì ni ó mú, pẹ̀lú àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ aró rẹ̀. 'Ètò àti Ìlọsíwájú' ni ó yẹ kí a kà lára rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò. 'Okê', ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ni ó kọ léraléra sí ipò rẹ̀, ó sì gbé ọrun àti ọfà òrìṣà náà lé e. Àrokò ni mo ka èyí sí. Ilẹ̀ tí kò dá ẹrú sílẹ̀ títí di 1888, tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ sì ń fọ́nnu nígbà náà pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀, ni ó fi ránṣẹ́ sí. Kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ọmọ ẹrú wọlé; onílé ni ó pè é.

Ẹni tí kò bá mọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ṣá, kò lè ka àrokò yìí, ẹni náà kò sì jìnnà sí wa. Nascimento kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976 sí 1977. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi àwòrán náà han kíláàsì mi, àsíá ni gbogbo wọn dá mọ̀, nítorí bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó béèrè ẹni tí ó ni ọfà.