Eré Owó Ẹyọ àti Ìpìlẹ̀ Ìmọ̀ Ìṣirò

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣe ń wo àwọn eré ilẹ̀ wọn: eré lásán ni wọ́n ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣirò wà nínú wọn. Bí a bá dárúkọ ìṣirò létí ẹni tí kò pẹ́ ní ilé-ìwé, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni ṣọ́ọ̀kì, pátákó àti pàṣán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí han gbogbo ènìyàn ní láti yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì: yálà kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì inú ìwé, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni Salimata Doumbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ̀ ní ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣirò tí ó wà ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Wọ́n ṣa àwọn eré ìbílẹ̀ jọ, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí, wọ́n tú ìṣirò inú wọn, wọ́n sì wádìí bí olùkọ́ ṣe lè mú wọn wọ kíláàsì. Ní ọdún 1992 ni ìwé Doumbia àti J. C. Pil jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Les jeux de cauris, èyíinì ni Àwọn Eré Owó Ẹyọ.

Ọ̀kan nínú àwọn eré tí wọ́n yẹ̀ wò ni Nigbé Alladian. Àwọn Alladian ni ó ni ín, àwọn tí ń gbé láàárín òkun àti ọ̀sà ní ìwọ̀-oòrùn Abidjan. Ẹni méjì ní í ta á, owó ẹyọ mẹ́rin sì ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó kàn yóò da ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fi ìhà kan náà hàn, tàbí bí wọ́n bá pín sí méjì àti méjì, ó jẹ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, kò jẹ. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń da obì olójú mẹ́rin rí yóò mọ̀ pé irú ìdásílẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn olùwádìí náà kò fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n dán ẹyọ wò, wọ́n sì rí i pé kò dà bí owó onírin tí ìhà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Nínú ìgbà 5, ìhà kan a máa hàn tó ìgbà 2, ìhà kejì a sì máa hàn tó ìgbà 3. Bí a bá wá ka ọ̀nà 5 fún ẹyọ kan, ẹyọ mẹ́rin yóò ní ọ̀nà 625. Kí gbogbo wọn fi ìhà àkọ́kọ́ hàn jẹ́ ọ̀nà 16. Kí gbogbo wọn fi ìhà kejì hàn jẹ́ 81. Kí wọ́n pín sí méjì àti méjì jẹ́ 216. Àpapọ̀ ọ̀nà jíjẹ jẹ́ 313. Ọ̀nà àìjẹ jẹ́ 312. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn!

Ibi tí ó yẹ kí a ti yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa nìyí. Paulus Gerdes, olùkọ́ ìṣirò ní Mozambique, ròyìn iṣẹ́ yìí ní ọdún 1994. Ó ní a yan òfin eré náà lọ́nà tí jíjẹ àti àìjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì kà á sí àmì pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti fi ìrírí mọ ohun kan nípa ìṣeéṣe. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò dé òpin ọ̀nà. Òǹkàwé lè rò pé 2 nínú 5 yẹn ni ó mú ìdọ́gba wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi owó onírin mẹ́rin rọ́pò ẹyọ, jíjẹ jẹ́ ọ̀nà 8 nínú 16, àìjẹ náà jẹ́ 8. Bí a bá sì rí ẹyọ tí ìhà rẹ̀ kan kì í hàn ju ìgbà 3 lọ nínú 10, jíjẹ yóò jẹ́ ọ̀nà 5,128 nínú 10,000, àìjẹ yóò sì jẹ́ 4,872. Òfin eré náà gan-an ni orísun ìdọ́gba, kì í ṣe ìwà ẹyọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohun tí òfin náà ń béèrè ni pé kí iye ẹyọ tí ó fi ìhà àkọ́kọ́ hàn ṣe é mú ní méjì-méjì láìṣẹ́kù, kí a sì ka òfo mọ́ ọn. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan: jíjẹ ní ọ̀nà 3, àìjẹ ní 2, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1. Kí ó wá fi ẹyọ kan kún un. Ẹyọ tuntun yìí a máa fi ọ̀ràn sílẹ̀ bí ó ti wà ní ọ̀nà 3, a sì máa yí i padà ní ọ̀nà 2. Nítorí náà, jíjẹ tuntun jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta jíjẹ àtijọ́ pẹ̀lú ìlọ́po méjì àìjẹ àtijọ́. Àìjẹ tuntun sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àìjẹ àtijọ́ pẹ̀lú ìlọ́po méjì jíjẹ àtijọ́. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìyàtọ̀ àtijọ́ náà ni yóò kù. Ẹyọ méjì, 13 sí 12. Ẹyọ mẹ́ta, 63 sí 62. Ẹyọ mẹ́rin, 313 sí 312. Ìyàtọ̀ kò kúrò ní 1, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ọ̀nà ń di ìlọ́po márùn-ún ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí iyọ̀ díẹ̀ tí a ń bu omi lé, títí ahọ́n kò fi mọ̀ ọ́n mọ́.

Àlàyé yìí kò dín ọlá àwọn Alladian kù. Ó fi kún un ni. Òfin wọn kò béèrè pé kí ẹyọ pé pérépéré kí ó tó dájọ́ òdodo láàárín ẹni méjì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ pé àwọn baba ńlá wa gbọ́n, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, oríkì ni ó kì fún un, kò tíì kọ́ ọ ní ìṣirò. Ewu tí ó wà nínú irú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn: ọmọ lè ti kíláàsì jáde tayọ̀tayọ̀, kí ó má sì mọ ju bí ó ti mọ̀ nígbà tí ó wọlé.

Iṣẹ́ àwọn ará Abidjan yẹ fún ìyìn, nítorí ó gbé ẹyọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ dà á, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì, kí ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí ó fi ní láti rí bẹ́ẹ̀.