Ta Ló Mú Kòríà Dàgbà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú gírámà. Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbàbọ̀ ni "dàgbà". A lè sọ pé "ọmọ dàgbà", ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé "Òjó dàgbà ọmọ". Bí a bá fẹ́ fi ẹni tó ṣiṣẹ́ náà hàn, a ní láti sọ pé Òjó tọ́ ọmọ dàgbà, tàbí pé ó mú un dàgbà. Bí a bá wá fi àfòmọ́ "ì-" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tó di "ìdàgbàsókè", olùwà á pòórá. A ò ní mọ ẹni tó dàgbà, a ò ní mọ ẹni tó mú un dàgbà, a ò sì ní mọ ẹni tó jìyà rẹ̀.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nìyí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè nípa bí ìlà-oòrùn Éṣíà ṣe di ibùdó ilé-iṣẹ́ ńlá. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí. KDI School wà ní Kòríà Gúúsù, GRIPS wà ní Tokyo, ọdún 1997 ni wọ́n sì dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà wá, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. (Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1997 yẹn kan náà ni Kòríà fúnra rẹ̀ lọ yáwó lọ́wọ́ IMF. Olùkọ́ tó ti ṣubú rí lè kọ́ni dáadáa, bó bá sọ ohun tó gbé e ṣubú.)

Ìwé tó tan ojú ìwòye ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀ jù lọ ni èyí tí Báńkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1993, *The East Asian Miracle*. Ìjọba Japan ló gbówó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n yẹ̀ wò: Japan, Hong Kong, Kòríà Gúúsù, Singapore, Taiwan, Indonesia, Malaysia àti Thailand. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ìwé lórúkọ: iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ará Kòríà náà kúkú ń sọ pé "Iṣẹ́ Ìyanu Odò Han", wọ́n sì yá a lò láti ara "Iṣẹ́ Ìyanu Odò Rhine" tí wọ́n fi ń pe ìsọjí Jámánì lẹ́yìn ogun. Àmọ́ ṣé ẹ ti rí ẹni tó lọ sí iléèwé láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìyanu rí? Ẹni tó bá rí iṣẹ́ ìyanu, ìyìn ló máa ń fún ẹni tó ṣe é. Kì í béèrè ìwé ìṣirò owó.

Ká má parọ́ mọ́ ìwé náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìdíje láàárín àwọn ilé-iṣẹ́, ó sì mẹ́nu ba rẹfirí tó ń ṣàmójútó ìdíje ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ibi tó fàbọ̀ sí ni pé kí ìjọba dí iye owó ọjà mú kó má ro fò, kó kọ́ ọmọ níwèé, kó sì jẹ́ kí ọjà ta. Pé yíyan ilé-iṣẹ́ kan ṣe àyànfẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní. Ní 1996, Robert Wade kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi hàn bí wọ́n ṣe rọ àríyànjiyàn àwọn ará Japan lójú nínú Báńkì náà kí ìwé yẹn tó jáde. Rẹfirí wà lórí pápá lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jẹ́ ká rí i nígbà tó ń lé èèyàn jáde.

Ẹni tó dá olùwà padà sínú gbólóhùn ni Alice Amsden, nínú *Asia's Next Giant* tó jáde ní 1989. Ohun tó sọ kò le. Ìjọba Kòríà fún àwọn oníléeṣẹ́ ní ẹ̀yáwó elélé pọ́ọ́kú, ó sì gba nǹkan padà lọ́wọ́ wọn. "Fún" àti "gbà": ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ló ní olùwà, méjèèjì ló ní àbọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1961, báńkì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Park Chung-hee fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sórí àga níbi ìpàdé oṣooṣù tí wọ́n ti ń yẹ iye ọjà tí wọ́n tà sókè òkun wò. Ọjà yẹn pé 100 mílíọ̀nù dọ́là ní 1964, ó di bílíọ̀nù 10 ní 1977. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá tà tó bí wọ́n ṣe ní kó tà mọ̀ pé ẹ̀yáwó òun lè gbẹ.

Àpẹẹrẹ tó tún yé mi jù wà ní ìgbèríko. Nígbà tí ètò Saemaul, ìyẹn "abúlé tuntun", bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ìjọba fún abúlé tó lé ní 33,000 ní àpò sìmẹ́ǹtì 335 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ wo ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan fi ṣe. Nǹkan bí ìdajì, 16,600, ló lò ó dáadáa. Àwọn yẹn tún gba àpò 500 àti irin tọ́ọ̀nù kan. Àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Àpò 335 rọrùn láti kọ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹnì kan ní láti dúró níwájú baálẹ̀, kó sọ fún un pé kò sí tìrẹ lọ́dún yìí.

Ṣùgbọ́n 1970 yẹn ní ojú kejì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, ní ọjà Pyeonghwa ní Seoul, Jeon Tae-il, ọmọ ọdún 22 tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán, dáná sun ara rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni kí wọ́n tẹ̀ lé òfin iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ láti 1953, nítorí àwọn ọmọdébìnrin tó ń fi wákàtí tó lé ní 14 ránṣọ lójúmọ́. Amsden ò fi èyí pa mọ́: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí iṣẹ́ wọn gùn, owó obìnrin sì kéré gan-an sí ti ọkùnrin. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ọ̀rọ̀ náà "ìbáwí" wọlé láìbéèrè pé ta ni wọ́n ń bá wí. Bíbá olówó wí kó lè lo ẹ̀yáwó bó ṣe yẹ, ọ̀tọ̀ ni. Fífi ọlọ́pàá pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́, ọ̀tọ̀ ni. Ìjọba Park ṣe méjèèjì. Kíláàsì tó bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ra ti ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ẹlòmíì á sọ pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ológun la nílò nígbà náà?" Rárá o. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ológun fi ṣèjọba lé wa lórí ní Nàìjíríà. Wọ́n bá àwa ará ìlú wí dáadáa. Àwọn tó gba owó ìjọba tí wọn ò rí iṣẹ́ fi hàn, mélòó ni wọ́n gba owó náà padà lọ́wọ́ wọn? Aṣọ ológun nìkan ò lè mú kí ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ó tó" fún olówó.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni kí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ yìí, ohun kékeré ni mo máa dábàá. Kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún àbá tó fẹ́ gbé lọ sílé kọ, láìlo "ìdàgbàsókè" níbì kankan. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olùwà: ọ́fíìsì wo ló máa fún ta ni lówó? Kí ni wọ́n máa gbà padà, lọ́jọ́ wo? Ta ló máa sọ fún ẹni tí kò ṣe dáadáa pé kò sí mọ́, ta ló sì máa dáàbò bo ẹni tó sọ ọ́? Ta ló ń fi ara rẹ̀ san owó náà nínú ilé-iṣẹ́? Mo fura pé ọ̀pọ̀ àbá máa kúrú sí ojú ewé kan. Ibi tí ojú ewé yẹn bá ti ṣófo ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.