Ìjàkadì Inú Dungeons & Dragons: Ta Ló Di Ta Mú?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé òfin eré náà ìwé ni, a sì lè kà á bí a ṣe ń ka ìwé yòókù, ká wò ó bóyá ohun tó ń sọ yé òun fúnra rẹ̀. Òfin ìjàkadì inú Dungeons & Dragons ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ìyẹn eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á jẹ́ akọni inú rẹ̀, dáìsì oníhà 20 ni yóò sì sọ ẹni tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹ̀dà kẹta, ti ọdún 2000, ló burú jù lójú tèmi. Bí o bá fẹ́ di ọ̀tá mú, ọ̀tá lè kọ́kọ́ gbá ọ. Bó bá ṣe ọ́ léṣe, ó parí nìyẹn. Bí o bá là á já, wàá ju dáìsì láti fi ọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ẹ̀yin méjèèjì á tún ju dáìsì láti mọ ẹni tó lágbára. Kí wọ́n tó ṣírò ẹ̀ tán, oúnjẹ ti tutù. Kò yani lẹ́nu bí èèyàn bá kúkú mú idà.

Ti 2014 dáa gan-an. Ẹni tó fẹ́ dini mú á ju dáìsì, á fi ìmọ̀ Athletics rẹ̀ kún un. Ẹni kejì á ju tiẹ̀, á fi Athletics tàbí Acrobatics gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bí wọ́n bá dì ọ́ mú, ìrìn rẹ di òdo. Ó tán.

Ibi tó ti wá dùn ni ibi tí òfin yìí ti pàdé òfin ìṣubú. Ẹni tó wà nílẹ̀ á ná ìdajì ìrìn rẹ̀ kó tó lè dìde: ẹni tó lè rin ẹsẹ̀ bàtà 30 á ná 15. Bí ẹ bá kàn tì í ṣubú, tó bá ti kàn án, á dìde, á gbọn eruku, á sì gbá yín bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ìrìn rẹ̀ ti di òdo, kí ló fẹ́ ná? Dì í mú, gbé e ṣánlẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà títí yóò fi já ara rẹ̀ gbà. (Nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ìjà ti parí. Níbí, ìgbà yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀.) Ẹ wá wo ẹ̀bùn pàtàkì kan tí ìwé kan náà pè ní Grappler: ẹni tó bá lò ó láti de ọ̀tá mọ́lẹ̀, ìdè yẹn á de òun náà! Ohun tí gbogbo ayé ní lọ́fẹ̀ẹ́ wá dáa ju èyí tí èèyàn fi àǹfààní mìíràn rà lọ.

Ẹni tó bá sún mọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, dáìsì méjì ló ń jù, á mú èyí tó pọ̀. Ẹni tó jìnnà náà á ju méjì, àmọ́ èyí tó kéré ló máa mú. Nítorí náà, bí o bá gbé ọ̀tá ṣánlẹ̀, o ti ṣe onídà ẹgbẹ́ rẹ lóore, o sì ti ba nǹkan jẹ́ fún ọlọ́fà yín. Ariwo á sọ. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, torí ó ń fi ipá mú àwọn tó jókòó sídìí tábìlì láti bára wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe nǹkan.

Ìwé 2024 wá yí ìdìmú padà. Ẹni tó ń dini mú ò ju dáìsì mọ́. Iye kan ti wà nílẹ̀, 8 pẹ̀lú agbára rẹ̀ àti proficiency bonus rẹ̀. Ẹni kejì ló máa ju dáìsì láti yẹ̀ ẹ́. Mo mọ ìdí. Láyé 2014, ẹni tó bá ti kọ́ Athletics dójú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kùnà, torí ọ̀pọ̀ ẹranko abàmì inú ìwé ni kò ní ìmọ̀ yẹn rárá. Ó sì yá kánkán, mo gbà. Wọ́n tún fi ohun rere kan kún un: ẹni tí o dì mú, bó bá fẹ́ gbá ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọ, èyí tó kéré ló máa mú. Ajàkadì di ààbò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù. Bí ẹni tí wọ́n dì mú bá fẹ́ já ara rẹ̀ gbà, Athletics tàbí Acrobatics ló tún máa lò. Ìmọ̀ ìjàkadì wá wúlò fún ẹni tó ń wá ọ̀nà àtisá, kò sì wúlò fún ẹni tó dì í mú. Ọdún mélòó lo fi kọ́ ìjàkadì? Ìwé ò bi ọ́. Ẹni tó lágbára bíi tìẹ, tí kò mu ẹkẹ rí láyé ẹ̀, iye kan náà lẹ̀yin méjèèjì ní. Èyí ló dùn mí jù, torí ẹni tó yan ajàkadì yan ọgbọ́n ara, kò yan iṣan nìkan.

Ọ̀rọ̀ idà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí o dì mú, bí kò bá tíì ṣubú, lè fi idà ọlọ́wọ́ méjì gbá ọ wọ̀ọ̀, nígbà tí àyà rẹ wà lára àyà rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ jù ú?

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń sọ ìtàn, ẹni tó ní ìmọ̀ Athletics á fi 2 kún iye ìdìmú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fi idà gbọ̀ọ̀rọ̀ gbá ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn á mú dáìsì tó kéré. Ti ọlọ́fà, mi ò ní fọwọ́ kàn án.