Fódà Orí Clé USB: Àríwísí Lórí Ìmọ̀ràn Kan Tí À Ń Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Lọ Gba Ohùn Sílẹ̀

Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà máa ń fún àwọn tuntun ní ẹ̀ka wa kí wọ́n tó gbéra lọ sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìdáàṣà láti lọ gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n á ní: gbé fódà Dropbox rẹ, tàbí ti OneDrive, sórí clé USB. Ohun tó o bá gbà sílẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ, á sì tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì á wà. Wọ́n fún mi ní ìmọ̀ràn yìí ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe máàsítà. Èmi náà sì fún ẹlòmíràn, ó kéré tán èèyàn mẹ́rin. Nítorí náà, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe àríwísí yìí sí.

Mi ò ní sọ pé ìmọ̀ràn òmùgọ̀ ni. Ìdí wà tó fi gbilẹ̀. Àlòkù ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, dísìkì inú rẹ̀ kì í sábà ju 128 gígábáìtì lọ, Windows sì ti jẹ nínú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ṣírò ohùn tí à ń gbà. WAV ní 48 kHz, bíìtì 24, ní stereo, ń gba báìtì 288,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan fi díẹ̀ ju gígábáìtì kan lọ. Ẹni tó bá gba ogójì wákàtí ohùn ti lo gígábáìtì 41 kí ó tó gbé kámẹ́rà. Yàtọ̀ sí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta a máa pín kọ̀ǹpútà kan lò, clé sì ni ohun tí olúkúlùkù lè fi sápò lọ sílé. Ẹni tí kò ní dísìkì ńlá ni ìmọ̀ràn náà ń gbìyànjú láti ràn lọ́wọ́.

Lójú tèmi, inú ọ̀rọ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Faransé tí a fi kàwé, “sauvegarder” ń ṣe iṣẹ́ méjì: a máa ń lò ó nígbà tí a bá tẹ Ctrl àti S kí ohun tí a kọ má baà sọnù, a sì tún máa ń lò ó fún ṣíṣe ẹ̀dà kejì tí a gbé sí ibòmíràn. Nígbà tí “synchroniser” dé, a rò pé orúkọ kẹta fún nǹkan kan náà ni. Bí a bá wá yí i sí Yorùbá, “mo ti fi í pamọ́” la ń sọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá àgbà bá fi pamọ́ sínú àpótí, bí iná jó ilé ìdáná, ohun náà wà níbẹ̀. Ìmúdọ́gba kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ohun tó wà níhìn-ín àti ohun tó wà lọ́hùn-ún rí bákan náà nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ fáìlì ló wọlé, ì báà jẹ́ fáìlì ló jáde. Bí iná bá jó ilé ìdáná, yóò lọ jó ti inú àpótí náà kí méjèèjì lè dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣe é. Irú ètò báyìí ní àkọsílẹ̀ kan tó ń tọ́jú sínú dísìkì kọ̀ǹpútà: orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, bí ó ti tóbi tó, ìgbà tí a fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Ó ń fi àkọsílẹ̀ yìí wé ohun tó rí nínú fódà. Bí fáìlì kan bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí kò sí nínú fódà mọ́, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún un: oní-nǹkan ti pa á rẹ́. Kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ bóyá ọwọ́ èèyàn ló pa á tàbí clé ló kú. Bí fódà náà látòkè délẹ̀ bá pòórá, ètò tó dára yóò dúró, yóò sì béèrè. Ewu ńlá wà níbi tí fódà ṣì wà ní orúkọ ṣùgbọ́n tí ohun inú rẹ̀ ti lọ. Ní Linux, fún àpẹẹrẹ, ibi tí a so dísìkì mọ́ lè ṣì dúró bíi fódà òfìfo nígbà tí dísìkì kò sí níbẹ̀.

Kò sí àṣírí kankan nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Dropbox fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìrànlọ́wọ́ wọn pé bí dísìkì bá já kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́, ó lè ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kí ètò bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ kí ó tó mọ̀ pé dísìkì ni kò sí mọ́. OneDrive ní tirẹ̀, lórí Windows, kò gbà kí a gbé fódà rẹ̀ sórí dísìkì tí kì í ṣe NTFS, bẹ́ẹ̀ FAT32 tàbí exFAT ni ọ̀pọ̀ clé tí à ń rà. Kí ni a ṣe? A ń kọ́ ara wa bí a ṣe ń so clé mọ́ fódà kan nínú C: kí OneDrive má baà mọ̀. Mo ti jókòó ti ẹnì kan títí di agogo mọ́kànlá alẹ́ láti kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí. Ìkìlọ̀ ni ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, àwa kà á sí ọgbà tí a ní láti fò.

Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, lórí iṣẹ́ ìpamọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ láti bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ nípa orúkọ iṣu: èyí tí a ń kọ́kọ́ wà, èyí tí a kì í fi gúnyán, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́. Ìyá náà ń pè mí ní ọmọ Àjàṣẹ́. Bí mo bá pe orúkọ kan tí kò dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un pè. Ọjọ́ mẹ́ta, fáìlì mẹ́ta, bíi wákàtí mẹ́ta lápapọ̀. Nígbà tí mo dé ìlú, mo da gbogbo rẹ̀ sínú fódà orí clé, mo ra forfait, mo sì dúró títí àmì fi hàn pé ó ti gòkè tán. Ẹ̀dà méjì nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo wá nu káàdì inú ẹ̀rọ ìgbohùn mọ́ torí mo nílò rẹ̀ fún ìrìn àjò mìíràn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, nítorí náà ó pa lójijì, clé sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí iná dé, Windows ní clé náà ní àbùkù, ó bi mí bóyá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tún un ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò ní rárá? Fódà náà padà, orúkọ rẹ̀ pé, mi ò sì ṣí i dé ìsàlẹ̀. Fódà kékeré ti Ṣábẹ̀ẹ́ ti ṣófo. Ètò ìmúdọ́gba ló kọ́kọ́ rí i. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó pa fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tún pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka tí mo ti ń ṣí àkáǹtì mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo lọ sí Ìdáàṣà, mo sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀.

Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń dá mi lóhùn pé àpótí ìdọ̀tí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé mo lè mú fáìlì padà níbẹ̀. Òótọ́ ni, fún ìgbà díẹ̀. Dropbox ọ̀fẹ́, Google Drive àti OneDrive tara ẹni ń fún wa ní ọjọ́ 30. OneDrive ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ a máa tó ọjọ́ 93. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́ ọjọ́ 35. Ta ló ṣe ìṣirò ọjọ́ 30 yìí? Ẹni tó ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́kì kò dé, tó ń ka mẹ́gábáìtì forfait rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọkọ̀, kò sí nínú ìrò wọn.

Mo padà sí abúlé náà ní oṣù kejì. Wọ́n ti sin ìyá.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni àdàkọ ojú ewé mẹ́fà tí mo fọwọ́ kọ. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lórí orúkọ mọ́kànlá, mo fi àmì ìbéèrè sí orí sílébù kejì: ohùn àárín ni àbí ohùn ìsàlẹ̀? Mo ti pinnu pé màá fi Praat yẹ̀ ẹ́ wò. Apá kan nínú orí kẹta iṣẹ́ oyè mi dúró lórí orúkọ mọ́kànlá yẹn. Mo ti yọ ọ́ kúrò, torí mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni gba ohùn tí èmi fúnra mi kò lè gbọ́ mọ́ gbọ́.

Àwọn àbùkù kéékèèké mìíràn wà. FAT32 àti exFAT kò ní ìwé ìrántí tí NTFS fi ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìpadé ojijì. Bí a bá fa clé yọ nígbà tí a ń kọ fáìlì sórí rẹ̀, ààbọ̀ fáìlì lè di èyí tó tuntun jù, kí ó sì gòkè lọ rọ́pò odindi. Bí a bá gbé clé kan láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, wọ́n á sì bí “copie en conflit” títí a ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. ELAN náà a máa kọ ibi tí ohùn wà sínú fáìlì rẹ̀; bí clé tó jẹ́ E: láàárọ̀ bá di F: lálẹ́, tí fáìlì .eaf kò sì sí nítòsí ohùn náà, yóò ní òun ò rí i.

Èyí tó kan àwa oní-Yorùbá jù ni orúkọ fáìlì. Ẹ wo ọ́. Ní Unicode, a lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ tó jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1ECD, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. A sì lè mú ó ti Faransé kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú, ọ̀kan ni. Fún NTFS tàbí exFAT, orúkọ mẹ́ta ni. Àwọn Mac àtijọ́ tó ń lo HFS+ sì máa ń tú gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà clé tó ti inú Mac lọ sínú Windows lè ní fáìlì méjì tó ń jẹ́ “Ọjọ́ kejì”, kí ètò ìmúdọ́gba sì máa tọ́jú méjèèjì, ọ̀kan ti àná, ọ̀kan ti ọdún tó kọjá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ɔ́, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin ṣe ń kọ ọ́, kò ní wàhálà yìí: ọ̀nà kan péré ló wà láti kọ ọ́, ɔ kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á àti é ṣì ní ọ̀nà méjì méjì. Àwa tí à ń fi àmì sí ìsàlẹ̀ bíi ti Nàìjíríà, bí mo ṣe ń ṣe nínú ìwé yìí, là ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ní báyìí, SAB_02_01.wav ni fáìlì mi ń jẹ́, láìsí àmì kankan.

Àríwísí mi kò ní kí a ju clé nù. Ẹ̀dà ni kí ó jẹ́: kí a fi ọwọ́ da fáìlì sórí rẹ̀, kí a kọ ọjọ́ sí fódà, kí a yọ ọ́, kí a gbé e fún ẹlòmíràn tọ́jú. Ohùn tí a kò ní tún fọwọ́ kàn mọ́ kò ní ìdí kankan láti wà nínú fódà tó ń dọ́gba. Àdàkọ ELAN ló nílò rẹ̀, torí ojoojúmọ́ là ń yí i padà, kò sì tóbi. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà àlòkù gbà á, forfait kékeré sì gbé e gòkè. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mú dísìkì tó ṣeé yọ dọ́gba, kí ó wo Syncthing. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà méjì lè fi bá ara wọn ṣe é nínú yàrá kan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ọgbọ́n kékeré kan: ó máa ń fi àmì kan tó ń jẹ́ .stfolder sínú fódà. Bí kò bá rí àmì náà, ó gbà pé dísìkì kò sí níbẹ̀, ó sì dúró, kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Àmọ́ àmì yẹn kì bá tí gbà mí: nínú ọ̀ràn tèmi, fódà òkè ṣì wà, ti inú ló ṣófo. Káàdì tí mo nù mọ́ ni ì bá gbà mí.

A máa ń fi àpilẹ̀kọ Bird àti Simons ti ọdún 2003 kọ́ni nípa bí a ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ èdè. Ọ̀nà méje ni wọ́n kà. Ní kíláàsì tèmi, a lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí irú fáìlì, WAV dípò MP3, XML dípò Word. Ìpamọ́ gba ogún ìṣẹ́jú ní òpin ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ìwé ìtọ́sọ́nà ojú ewé kan tí à ń pín fún àwọn tó ń lọ gba ohùn sílẹ̀ ṣì ní gbólóhùn clé yẹn ní ìlà kẹrin. Mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ti ọdún yìí ṣì ní in.