Ẹjọ́ Alice Kyteler: Ìtàn Ìpànìyàn Tí Ọ̀rọ̀ Àjẹ́ Gbé Mì

Ní ọdún 1324, ní ìlú Kilkenny ní Írẹ́lándì, àwọn ọmọ ọkọ Alice Kyteler fẹjọ́ rẹ̀ sun Bíṣọ́ọ̀bù Richard de Ledrede. Wọ́n ní ó ti fi oògùn pa nínú àwọn ọkọ rẹ̀, ó sì di àwọn yòókù léèdì títí wọ́n fi kó ohun ìní wọn fún òun àti William Outlaw, ọmọ rẹ̀. Ọkọ kẹrin, John le Poer, ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti rù hangogo, irun orí rẹ̀ ti re, èékánná rẹ̀ sì ń ṣí kúrò. Wọ́n kọ ìtàn ẹjọ́ yìí sílẹ̀ ní èdè Látìn; ẹgbẹ́ Camden tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1843. Òǹkọ̀wé rẹ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbè sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan òǹkọ̀wé yìí ni pé gbogbo ohun tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, ó sì fò wọ́n dá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àpótí. Ìránṣẹ́bìnrin kan ta le Poer lólobó. Ọkùnrin náà fi agbára gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ṣí àwọn àpótí, ó bá àpò kan tó kún fún ohun ìríra, ó sì fi í rán àwọn àlùfáà méjì sí bíṣọ́ọ̀bù. Irun tó ń re àti èékánná tó ń bàjẹ́ wà lára àmì májèlé bí arsenic. Kí ló wà nínú àpò náà gan-an? Ta ló ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn? Òǹkọ̀wé ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti sáré lọ sí oríta, níbi tí wọ́n ní Alice àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń fa ẹran ya láàyè, àti sí ìdí iná, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń se oògùn nínú agbárí olè tí wọ́n bẹ́ lórí.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: orí èrò yìí ni gbogbo àkọsílẹ̀ náà dúró lé. Ànjọ̀nnú tí wọ́n ní ó ń bá Alice sùn, Robin ọmọ Art, a máa wá bí ológbò, a máa wá bí ajá dúdú onírun, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ọkùnrin aláwọ̀dúdú pẹ̀lú ẹmẹ̀wà méjì. Ó dùn mí láti kà á. Àwọ̀ wa ni àlùfáà ilẹ̀ Yúróòpù fi ya àwòrán ẹ̀ṣẹ̀, kò sì rò pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan agbára, ọwọ́ òǹkọ̀wé yá. Ajẹ́lẹ̀ ìlú, Arnold le Poer, ti bíṣọ́ọ̀bù mọ́lé fún ọjọ́ 17, bíṣọ́ọ̀bù sì fòfin de ìsìn jákèjádò àgbègbè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dùn jù, nítorí ìjà ènìyàn sí ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n owó, tó jẹ́ gbòǹgbò ìjà náà, kò rí àyè tó. Ìdílé ayánilówó ni ti Alice. Ọkọ kejì, Adam le Blund, ti kọ̀wé fún William ní 1307 pé kó gba gbogbo ẹrù òun. Èyí nìkan tó láti mú kí àwọn ọmọ ọkọ bínú, bí ìpànìyàn wáyé tàbí kò wáyé.

Alice sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti ìyà, wọ́n ní kí William máa gbọ́ Máàsì mẹ́ta lóòjọ́, kó máa bọ́ àwọn aláìní, kó sì fi òjé bo òrùlé Kàtídírà St Canice. Petronilla de Meath, ọmọ ọ̀dọ̀ Alice, kò ní òjé tí yóò fi ra ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni bíṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n nà án lẹ́gba kó tó jẹ́wọ́. Wọ́n sun ún níná ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kún fún ìyìn ọ̀gá rẹ̀, pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o láyé, ó sì kún fún Robin ọmọ Art. Obìnrin yìí ló mọ ilé Alice tinú-tòde. Àwọn tó nà án gba ànjọ̀nnú lẹ́nu rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò jẹ́ kó sọ nǹkan kan fún wa nípa abọ́ oúnjẹ John le Poer.