Eré Tí Wọ́n Ń Fẹ̀sọ̀ Sá

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Ní àdúgbò Lalala wa yìí, ní Libreville, ní Gabon, kò sí ìgbà tí mo wọ bàtà eré tí àwọn ará wa tó ń ṣí ìsọ̀ kì í bi mí èwo nínú méjèèjì ni tèmi. N kò lé nǹkan kan, nǹkan kan ò sì lé mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń kọ́, àfi pé ẹsẹ̀ àti èémí ni mo fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí aránṣọ tó mọṣẹ́ ṣe ń fẹ́ràn ojú abẹ́rẹ́ tó tò déédéé.

Kìlómítà méjìlélógójì àti mítà 195 ni máràtọ́ọ̀nì. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn. Ní 1921 ni wọ́n fi í ṣe òdiwọ̀n gbogbo ayé. Ìlú tí mò ń gbé náà ti ní tirẹ̀ láti 2013, Marathon du Gabon, tó máa ń gba Bord de Mer, létí òkun. Àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ máa ń wá láti Kẹ́ńyà. Àwa tí a fi ìfẹ́ sá a ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, nígbà míì pẹ̀lú wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Títì kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá mú tán, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jókòó sábẹ́ òjìji. Àwa ni oòrùn ń bá lójú ọ̀nà.

Oòrùn ibí yìí sì kọjá kékeré. Libreville kò jìnnà rárá sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Jálẹ̀ ọdún, kété lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀ ni oòrùn ń yọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì pọ̀ gan-an. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, òógùn á gbẹ lára, gbígbẹ yẹn ló sì ń tu ara lára. Níhìn-ín, ṣe ló máa ń kán tótó sílẹ̀. Omi ti lọ, iyọ̀ ti bá a lọ, ara ò sì tíì tutù. Ẹni tó bá kọ́ eré ní Lalala ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń dín ìyára kù kí ara tó bẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gba ọ̀nà Owendo lọ, ìhà ibi tí ọkọ̀ ojú irin Transgabonais ti ń gbéra, kí àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú lọ sí èbúté tó kún títì. Mo ní àbúrò kan tí a jọ ń sá a, ọmọ Pobè ní Benin. Agbára ń gùn ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yára díẹ̀.”

“Kọ́kọ́ kí àwọn ìyá yẹn ná.”

Òdiwọ̀n tí mo fi kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn ìyá tó ń din àkàrà, àwọn ọlọ́tàasí tó ń nu ọkọ̀, gbogbo wọn la máa ń kí. Bí o bá lè sọ pé “Ẹ kú òwúrọ̀ o, mà, ẹ kú iṣẹ́, ọjà á tà o” láìmí sáàárín, ìyára rẹ dára. Bó bá jẹ́ “ẹ kú” nìkan ló jáde, o ti ń sáré jù. Mo ní aago ọrùn-ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, mo sì mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ló dá mi lójú jù.

Ìdí tí kò fi yẹ kí èèyàn sáré jù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú pamọ́ kì í sábà gbé èèyàn kọjá nǹkan bí kìlómítà 30. Bí o bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, ṣúgà yẹn ni ara ń jó. Bí o bá rọra, ara á máa jó ọ̀rá mọ́ ọn, ọ̀rá sì rèé, kò wọ́n lára ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí ṣúgà tó wà nípamọ́ náà lè kún, bâton de manioc àti ẹja ni mo máa ń jẹ lálẹ́ tó ṣáájú eré. Gbágùúdá ni, inú mi mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń di ṣúgà.

Ẹ wo Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ní Chicago ní 2023. 2:00:35 ló fi sá gbogbo rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn nínú ìdíje tí òfin eré fọwọ́ sí. Ìdajì àkọ́kọ́ gbà á ní 1:00:48. Ìdajì kejì, 59:47. Ìyára rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi, ìdajì àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń wárí fún, pé ọmọkùnrin tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lè kó o pamọ́ fún wákàtí kan gbáko. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní oṣù kejì ọdún 2024, ọmọ ọdún 24. Ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí èmi náà sá máràtọ́ọ̀nì, èrò fi mí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo ti fi òrí pa abíyá, itan àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ń mu omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mò ń kí àwọn tó dúró létí títì. Lẹ́yìn kìlómítà 30, itan mi wúwo bí ẹni tó ru ẹrù, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná mi lọ́jà: kí n ṣáà rìn dé òpó iná yẹn péré. Ọlọ́jà ni mí, mo mọ ohun tí ẹni tó ń nájà ń wá. N kò dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ti kọjá mi láàárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń rìn, àwọn kan ti jókòó sórí pèpéle títì. Mo kí wọn, wọ́n sì kí mi. Àwọn obìnrin kan ń pariwo “Courage, papa!” Omijé bọ́ lójú mi kí n tó dé ìlà ìparí, ayọ̀ ni: gbogbo ohun tí mo kó wá ni mo ti ná tán, kò sì sí èyí tí mo fi ṣòfò.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ògiri ni mo ń dì mú sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Àbúrò mi ọmọ Pobè ti fẹ́ sá ìdajì máràtọ́ọ̀nì. Mo ti sọ fún un pé kó fi iyọ̀ sómi, kó má gbàgbé òrí, kó sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọjá òun ní kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́. Ó ní òun gbọ́. Títí ọjọ́ náà yóò fi pé, èmi ni n ó máa wà níwájú lọ́nà Owendo, òun á sì máa tẹ̀ lé mi.